Aránṣọ tó ń tún yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ ṣe

Ọkùnrin kan wà tó ń rán yunifọ́ọ̀mù iléèwé. Ojú rẹ̀ mú débi pé bí ìṣẹ́tí aṣọ bá wọ́ díẹ̀ báyìí, á ti rí i láti ìta.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun, ó dúró níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́tí ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Ó ti rẹ bàbá, ogójì yunifọ́ọ̀mù ṣì wà nílẹ̀ tí iléèwé ń retí. Ó ní òun ló ṣì í gé. Ó tú u, ó tún un rán, ó sì gún.

Ní táàmù kejì, èjìká ọ̀tún ti ga. Ó ki fóòmù pẹlẹbẹ sínú èjìká òsì aṣọ náà kó lè dọ́gba. Ìyàwó rẹ̀ ní báàgì ìwé ló wúwo jù. Ìyá rẹ̀ àgbà ní ọmọ náà ni ò mọ ìjókòó, ó sì ń gbá a lẹ́yìn pé kó nàró. Aránṣọ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọmọ ń ga, òun náà ń tú, ó ń rán. Ọdún méjì gbáko! Àwọn ará àdúgbò sì ń yìn ín pé kò sí ọmọ tí aṣọ rẹ̀ gún tó tirẹ̀.

Ìgbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan wá sí iléèwé, ó ní kí àwọn ọmọ tẹ̀ba. Apá kan ẹ̀yìn ọmọ yìí yọ sókè bí ebè. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní kì í ṣe báàgì, kì í sì í ṣe ìjókòó. Ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ mìíràn a máa wọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń ga, pàápàá ọmọbìnrin, ó sì lè wà nínú ẹbí. Aránṣọ rántí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí èjìká rẹ̀ kan ga títí ó fi kú.

Dókítà bi í pé, “Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?”

“Ọdún méjì sẹ́yìn. Ara aṣọ ni mo ti rí i.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní nígbà yẹn, bẹ́líìtì líle tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn ìbá ṣeé ṣe kó dá wíwọ́ náà dúró. Ní báyìí, iṣẹ́ abẹ ló kù.

Ọmọ náà wojú bàbá rẹ̀. “Bàbá mi, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Gbogbo táàmù lẹ ṣáà ń wọ̀n mí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ti rẹ̀ mí í sọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ìwọ tí olùkọ́ pè nípa ọmọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó o ní kò sí nǹkan tó ṣe é, aṣọ lò ń tún ṣe. Dìde, máa lọ sílé, kó o lọ wo ọmọ rẹ.