Abẹ́gúndé Tí Kì Í Làágùn

Ní abúlé Òkè-Ayùn, kò sí ọkùnrin tí ó mọ ebè kọ tó Abẹ́gúndé. Lọ́dún kan, igbà já mọ́ ọn nídìí lórí ọ̀pẹ, ó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ìyá Fáyínká, tí ó máa ń to egungun, tọ́jú rẹ̀ títí ó fi tún ń rìn. Lẹ́yìn náà ni ó pe Àwẹ̀ró, ìyàwó ọkùnrin náà, sí kọ̀rọ̀.

“Iṣan tí ó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá ló ń jíṣẹ́ fún awọ ara pé ooru ti mú, kí ó da òógùn jáde. Iṣan yẹn ti bàjẹ́ lára ọkọ rẹ. Kò ní í làágùn mọ́. Má jẹ́ kí ó pẹ́ nínú oòrùn o, torí ooru tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní í rọ́nà jáde.”

Nígbà tí àáró tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ lóko kan oko Ọ̀jẹ́dòkun, olórí ẹgbẹ́ wọn, Abẹ́gúndé ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é fún un. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí ó ti dé oko. Nígbà tí oòrùn mú, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Òógùn ti rẹ ṣòkòtò àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ gbẹ táútáú.

Ọ̀jẹ́dòkun dúró lé e lórí. “Ara ẹni tó ṣiṣẹ́ kì í gbẹ báyìí. Ọ̀lẹ ni ọ́!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ebè tí mo kọ. Mo ti sọ ohun tó ń ṣe mí fún yín.”

“Ẹni tí kò bá làágùn kò ní í jẹ iyán níbí, a ò sì ní í dé oko rẹ!”

Kò sí ẹni tó gbà á sọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Abẹ́gúndé wọra. Ó gbé ọkọ́, ó padà sínú oòrùn. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń lọ́, tí ó ṣubú sáàárín ebè. Àwọn tó fọwọ́ kàn án fà á padà kíá: ara rẹ̀ gbóná bí agbada àkàrà, kò sì sí ẹ̀kán òógùn kan.

Àwẹ̀ró, tí ó wà lára àwọn obìnrin tó ń gúnyán fún wọn lẹ́bàá ahéré, sáré kúrò nídìí iyán, ó da omi lé ọkọ rẹ̀ lórí, ó ń fẹ́ ẹ títí ó fi lajú.

“A ò kúkú mọ̀ pé...” ni Ọ̀jẹ́dòkun bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ ò mọ̀ kẹ̀? Ṣé kò sọ fún yín ni?” Àwẹ̀ró nawọ́ sí àgbébọ̀ adìẹ kan lẹ́bàá ahéré, tí ó ya ẹnu, tí ó na apá sílẹ̀, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ẹ wo adìẹ yẹn! Oòrùn tó ń pa yín náà ló ń pa á. Ṣé torí pé ẹ ò rí òógùn lára rẹ̀ lẹ máa fi pè é lọ́lẹ? Ó ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀!”

Àwọn ọkùnrin náà wo ebè tí Abẹ́gúndé kọ láàárọ̀, ojú tì wọ́n. Wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n fi Ọ̀jẹ́dòkun sílẹ̀ ti òun ti iyán rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oko Abẹ́gúndé ni gbogbo wọn gbà lọ, láìdúró de àṣẹ olórí kankan.

Ọ̀rọ̀ ìbínú obìnrin yìí ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí ó fi di òwe títí dòní, pé: “Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.”