Eku Méjì Tí Àdìgún Pa

Àdìgún mọ ọ̀bẹ lò dé góńgó. Kò sí ọmọ odó kan nílé ìyá rẹ̀ tí kò gbẹ́ ojú èèyàn sí lára. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú láyé: kó di gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ọ̀gá méjì ló wà nílùú Ajíṣọnà, Baba Ọnàyẹmí lókè, Baba Ọnàdípẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ mẹ́ta péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ á pa eku kan, á gbé e fún ọ̀gá tó wù ú. Ọ̀gá á bá a jẹ ẹ́, á sì yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, eku kún agbọ̀n mẹ́rin nílé Baba Ọnàyẹmí. Ẹnu yà á.

"Àbí àwọn obìnrin ìlú yìí ń bímọ ní bòókẹ́lẹ́ ni?"

Ta ni yóò bá jẹun, ta ni yóò fi sílẹ̀? Ikùn mélòó ló ní? Kò yẹ ọwọ́ ẹnikẹ́ni wò mọ́.

Àṣé eku méjì méjì ni kálukú ń pa, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀! Nígbà tí Àdìgún gbọ́, ó ní òun kò ní gbẹ́yìn. Òun tó ti gbé eku fún Baba Ọnàyẹmí tún gba inú igbó lọ, ó pa òmíràn, ó gbé e fún Baba Ọnàdípẹ̀.

"Èwo lo fẹ́ gan-an nínú wọn?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Èyí tó bá gbà mí ni, Ìyá mi."

"Hùn-ún. Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá méjèèjì fojú kojú, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan náà ni wọ́n ń kà. Wọ́n bá kéde pé lọ́la, kí kálukú lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá tó fẹ́. Ẹni tí kò bá dìde títí oòrùn fi kan àtàrí nìkan ni wọn yóò yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Òkè ni Àdìgún jókòó sí. Ó ka èèyàn, wọ́n jẹ́ ogún. Ẹnì kan ní mẹ́rin péré ló wà nísàlẹ̀. Ló bá dìde, ó di eré. Nígbà tó débẹ̀, gbogbo àwọn tó sá kúrò lókè ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ó tún sáré padà, oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn mẹ́ta tí kò dìde ni Baba Ọnàyẹmí ń yẹ ọwọ́ wọn wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tèmi!"

Baba di ọwọ́ náà mú, ó wò ó pẹ́.

"Ó mà ṣe o. Ọwọ́ yìí dára ju ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ṣùgbọ́n o ò jókòó dè mí."

Ẹkún ni Àdìgún sun délé.

"Eku mélòó lo lé?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Méjì, Ìyá mi."

"Èwo lo wá mú bọ̀?"

Àdìgún kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa.