Ohùn Tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi ohùn ṣeré lórí rédíò. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, kò gun orí ìtàgé rí. Ó máa ń sọ pé àwọn òṣèré orí ìtàgé kàn ń làágùn lásán ni.

Wọ́n wá fún un ní ipa kan nínú eré tuntun: ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀, tí ó wá lọ ń bẹ àna. Ọkùnrin náà kà á dáadáa. Ó gbọn ohùn, ó tilẹ̀ sunkún díẹ̀. Ó wà nínú ìwé pé kí ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀, bàbá," ó sì wí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí eré náà jáde, ìyá àgbà kan pe ilé iṣẹ́ rédíò. Ó ní, "Ọkọ yẹn ò dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ má dá ọmọ ọlọ́mọ padà fún un."

Inú bí ọkùnrin náà. Ta ló rí òun? Òótọ́ ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n etí náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Olóòtú eré náà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wí fún un pé oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ yóò tún padà lọ bẹ̀bẹ̀, bí kò bá sì dára ju èyí lọ, ẹlòmíràn ni yóò gba ipa náà. Ó ní, "Lọ bá àwọn eléré orí ìtàgé. Wàá kọ́ nǹkan kan níbẹ̀."

Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó lọ. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni ẹgbẹ́ náà ti ń ṣeré, àwọn òǹwòran sì jókòó súnmọ́ tòsí gan-an. Ó kó ipa alágbàṣe kan tí ó dáná sun oko olóko, tí ó wá ń bẹ̀bẹ̀. Ó dorí kodò, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dídùn máa bẹ̀bẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn pòṣé. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Dọ̀bálẹ̀, jàre!"

Ìtìjú ló gbé e ṣubú. Àyà rẹ̀ kan pákó, eruku wọ imú rẹ̀. Kò rí ojú olóko mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń rí, ẹsẹ̀ náà kò sì mira. Ẹ̀rù bà á ní tòótọ́. Èémí rẹ̀ kò tó láti parí gbólóhùn kan. Ohùn tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀, òun alára kò gbọ́ ọ rí. Kò sẹ́ni tó pòṣé mọ́.

Nígbà tí oṣù pé, ó ní kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí olóòtú pa gbólóhùn "Mo dọ̀bálẹ̀" rẹ́, pé kò wúlò mọ́. Nígbà tí eré náà jáde, bàbá kan pè. Ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún un kó dìde. Ó ti tó."

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o ní o ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ títí lórí fóònù, kò gbà. Mo bi ọ́ pé níbo lo wà nígbà tí o ń bẹ̀ ẹ́, o ní orí bẹ́ẹ̀dì lo nà sí. Kò rí ọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, wọkọ̀ lọ bá a nílé.