Bí Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Ṣe Kọ Omi

Nígbà láéláé, nígbà tí igi àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà kò ní ẹ̀gún kankan. Ara rẹ̀ ń dán. Pupa ló máa ń tanná, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán dé ìdí àrò.

Ìyá Àwẹ̀ró, ìyálé ilé ńlá kan, ló gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ kì í lọ kó má tẹ́ ẹní síbẹ̀, kó máa gbádùn òórùn náà.

Àṣà kan wà nínú ilé yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, obìnrin ilé kọ̀ọ̀kan á bu omi tútù, á dà á sí ẹnu ọ̀nà, kí ọjọ́ náà lè tutù fún ọkọ àti ọmọ. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó da omi yìí. Bó bá sọ̀rọ̀, omi ti bàjẹ́ nìyẹn, kó gbé e padà.

Nígbà tí obìnrin ilé kò tíì pọ̀, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìyàwó. Ìyàwó ń wọlé, igbá omi ń pọ̀ sí i, ìdí Òdòdó sì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Kò pẹ́, ewé Òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́.

“Yéè, òdòdó mi!” ni Ìyá Àwẹ̀ró ké. “Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.” Ló bá fi omi ìrọ̀lẹ́ kún ti àárọ̀.

Ewé túbọ̀ ń já. Ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ dá sí i. Ó ní, “Ebi ló ń pa á. Ẹ da ìgbẹ́ ẹran sí i nídìí.”

Wọ́n dà á. Ewé tuntun yọ lóòótọ́, rẹpẹtẹ, àmọ́ òdòdó kankan ò yọ. Ta ló ń jẹ ewé náà? Ewúrẹ́ kan náà ni. Onímọ̀ràn ọ̀hún nìyẹn!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Àwẹ̀ró jáde, ó wo igi náà, ó mi orí.

“Ìyá Àwẹ̀ró, igi yín yìí ti di ewé lásán. Bí ọyẹ́ bá dé tí mi ò rí òdòdó, màá hú u, màá gbin ata síbẹ̀.”

Òdòdó gbọ́. Àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé, “Mi ò ní kú. Mi ò sì ní fi àyè mi sílẹ̀ fún ata.”

Ó pe Ekòló tó ń gbé nídìí rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀. Kí ló ń ṣe mí?”

“Èmi gan-an ń wá ibi tí màá sá lọ,” ni Ekòló dáhùn. “Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Gbòǹgbò rẹ ti ń rà. Kì í ṣe òùngbẹ ló ń ṣe ọ́ o, omi ló ń pa ọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣíwọ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àwẹ̀ró gbé igbá dé. Òdòdó bẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi ti tó.”

Ìyá Àwẹ̀ró kò lè fèsì, torí kò tíì da omi. Ó kọ́kọ́ dà á tán.

“Kí lo wí? Ṣebí omi tútù ni mo bù fún ọ. Ṣé iná lo fẹ́ ni?”

Àwọn ìyàwó kéékèèké bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì da tiwọn lé e.

Òdòdó kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́, ó dá Òòrẹ̀ dúró, ẹran ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń gba iwájú ilé kọjá.

“Bàbá Òòrẹ̀, ẹ fún mi nínú ẹ̀gún yín.”

Òòrẹ̀ rò ó. Ó ní, “Ìyàwó mi ní ihò wa ń rùn, kò jẹ́ kí n gbádùn. Fún mi ní òórùn rẹ. Gbogbo rẹ̀ o, má ṣẹ́ ìkankan kù.”

Ó dun Òdòdó wọra. Ó rántí oyin tí òórùn rẹ̀ máa ń fà wá. Ó rántí Ìyá Àwẹ̀ró lórí ẹní.

“Bí mo bá kú, òórùn náà á bá mi lọ,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ẹ gbà á.”

Ní òwúrọ̀, ìyàwó àkọ́kọ́ gbé omi dé. Ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀. “Yéè!” ló ké. Ó ti sọ̀rọ̀! Ó gbé omi padà. Èkejì dé, ẹ̀gún gún òun náà. “Mo gbé!” Omi tirẹ̀ náà bàjẹ́. Ìyá Àwẹ̀ró ló rọra wá kẹ́yìn. Ẹ̀gún wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, igbá sì bọ́.

“Èmi tí mo gbìn ọ́ lò ń gún?”

“Ẹ foríjì mí, Ìyá. Mo fẹ́ yè ni.”

Inú bí i. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kejì ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn ń da omi sí.

Ilẹ̀ ìdí Òdòdó gbẹ. Ewé rẹ̀ wọ́ dànù, ó ku igi gbígbẹ. Síbẹ̀, ó fi ìwọ̀nba gbòǹgbò tó kù di ilẹ̀ mú.

Ọyẹ́ dé. Bàbá Àwẹ̀ró gbé ọkọ́ jáde. Ó ti gbé e sókè tán kí Ìyá Àwẹ̀ró tó rí ohun pupa kan lórí ẹ̀ka.

“Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ dúró! Ó ti ń tanná!”

Bàbá sọ ọkọ́ kalẹ̀. Kí ọyẹ́ tó lọ, Òdòdó ti pupa láti òkè délẹ̀, ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìyá Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn, ó fa imú. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Òórùn rẹ dà?”

“Mo fi ra ẹ̀gún ni, Ìyá. Mo bẹ̀ yín, ẹ ò gbọ́.”

Omijé bọ́ lójú Ìyá Àwẹ̀ró. “Mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ ni,” ló wí. “Àṣé mò ń pa ọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà ti di ẹlẹ́gùn-ún. Kò ní òórùn mọ́. Ẹni tó bá ń rọ omi sí i láràárọ̀, ewé lásán ni yóò rí. Àfi ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ tó láti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òùngbẹ díẹ̀ ló máa ń tanná fún.