Ẹ̀bùn Tí Ògúnjìmí Adẹ́mu Ń Fún Ara Rẹ̀

Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní sí àgbàlá, àwọn ọmọ ilé yí i ká.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò, ó fò, kò bà lé Ìjàpá. Orí ikùn ọkùnrin kan ló bà lé, nítorí pé ibẹ̀ fẹ̀ dáadáa.

Ní ìgbà kan rí, ní abúlé Ìdí-Ọ̀pẹ, adẹ́mu kan wà tó ń jẹ́ Ògúnjìmí. Nígbà èwe rẹ̀, bó bá ti fi igbà kọ́ ọ̀pẹ, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti wà lókè. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó bá gbé ẹmu dé ni wọ́n ti ń ní kó wá jẹun. Ògúnjìmí kì í sì í fẹ́ dójú ti èèyàn. Á jẹ nílé Baálẹ̀, á jẹ nílé alágbẹ̀dẹ, á wá lọ jẹ ti Àsàbí ìyàwó rẹ̀, kí ìyẹn má baà bínú.

"Ó mà láàánú o!" ni Bọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, wí.

Púpọ̀ jù, ọmọ mi.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé igbà yí ọ̀pẹ ká, ó yí i mọ́ ara rẹ̀. Orí igbà kìíní kò kan èkejì. Ó fà á. Ó mí sínú. Kò kàn.

Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó ń gbé orí ọ̀pẹ náà yọjú látinú ìtẹ́ wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni àgbà ẹ̀gà wí. "Ṣé ọ̀pẹ ló sanra ni?"

"Igbà ló sún kì," ni Ògúnjìmí dáhùn. "Òjò ló pa á."

"Òjò yẹn ò ṣe dáadáa. Ó sún igbà kì, ó fi ikùn sílẹ̀!"

Ni wọ́n bá bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ògúnjìmí, máa gòkè bọ̀!
*Kìnrìnjìn!*
Igi ń retí, igbà ń retí,
*Kìnrìnjìn!*
Ikùn ló ní òun ò tíì múra.
*Kìnrìnjìn!*

Baálẹ̀ gbọ́. Ó ní bí Ògúnjìmí kò bá gun ọ̀pẹ kó tó di ọdún iṣu tuntun, oṣù mẹ́sàn-án sígbà náà, òun yóò gbé igbó ọ̀pẹ náà fún ẹlòmíràn.  Inú igbó yẹn ni bàbá Ògúnjìmí ti kọ́ ọ níṣẹ́.

Ó búra pé òun yóò máa rìn lọ sódò ní àràárọ̀. Bí òun bá sì ti ṣe dáadáa, òun yóò fún ara òun ní ẹ̀bùn. Ìpinnu gidi! Ó jáde nílé, ó fi àkàrà méjì yin ara rẹ̀ pé òun jáde. Ó dé odò, ó fi mẹ́ta yin ara rẹ̀ pé òun dé. Ó padà sílé láàyè. Ṣé ìyẹn kò tó ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gúnyán?

Lópin oṣù kìíní, ikùn fà sẹ́yìn bí ìbú ìka kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jẹ odindi òkété méjì. Kò pẹ́, ikùn fi ìbú ìka méjì padà.

"Ẹ kú oríire," ni àgbà ẹ̀gà wí. "Ẹ̀bùn yín ti ju iṣẹ́ yín lọ."

Báyìí ni oṣù mẹ́ta ṣe lọ. Ìtìjú mú Ògúnjìmí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó so okùn ẹran mọ́ igbà kí ó lè gùn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀pẹ. Kò tíì ga ju òrùlé lọ tí okùn já. Gbì!

"Yéè!" ni àwọn ọmọ ké.

Àwọn ẹ̀gà pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan fò lọ pe Àsàbí. Nígbà tó dé, ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò lè gbé apá. Àsàbí bú sẹ́kún.

"Bàbá ọmọ mi, bí ẹ bá kú báyìí, ta ni ẹ fẹ́ kí n máa bá jà?"

"Àsàbí, mo gbìyànjú. Mò ń rìn lójoojúmọ́."

"Mò ń rí yín. Ẹsẹ̀ yín ló ń rìn, ẹnu yín ló ń gba ẹ̀bùn. Kí ni ẹnu ṣe tí ẹ fi ń yìn ín?"

  

Nígbà tí apá Ògúnjìmí san, òun àti Àsàbí tún ìpinnu ṣe. Kó má wo ikùn mọ́. Kó ṣáà rìn dé odò fún ogún ọjọ́. Ó rìn ín pé. Àsàbí fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àdí pa á, Ògúnjìmí sì sùn bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa jẹ alẹ́ nílé kan ṣoṣo fún odindi oṣù kan. Ìyà ńlá! Bàtà tuntun ni ẹ̀bùn ìyẹn. Ọjọ́ kan wà tó lọ jẹun nílé alágbẹ̀dẹ títí tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àsàbí kò bú u.

"Odò ò tíì gbẹ," ló wí. "Lọ́la, ẹ ó tún lọ."

Ọjọ́ ọdún pé. Gbogbo abúlé dúró sídìí ọ̀pẹ. Ẹ má rò pé Ògúnjìmí ti di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ o. Ikùn ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti kọ́ ìwà ni. Igbà yí i ká. Ó há, ṣùgbọ́n orí méjèèjì pàdé. Ó gùn, ó sinmi, ó gùn, ó sinmi, títí ó fi dé ìdí ìtẹ́ àwọn ẹ̀gà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni àgbà ẹ̀gà wí. "Ẹ mà yára o."

Baálẹ̀ pariwo látìsàlẹ̀: "Ògúnjìmí, o káre! Ìwọ lo ni igbó ọ̀pẹ. Kí ni ká sè fún ọ?"

Gbogbo èèyàn wo Àsàbí. Àsàbí wo òkè.

Ògúnjìmí fara ti igbà. Ó rí òrùlé ilé rẹ̀, ó rí odò, ó rí ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là lọ síbẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án tó ti wo abúlé láti òkè kẹ́yìn.

"Baálẹ̀, ẹ má tíì sè nǹkan kan," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n wòran díẹ̀ ná."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò le: ẹ ṣe ìpinnu tí apá yín ká, kí ẹ sì fún ara yín ní ẹ̀bùn tí kò ní í ba iṣẹ́ yín jẹ́.

"Ìyá Àgbà, a ò sùn títí àlọ́ fi parí," ni Bọ́sẹ̀ wí. "Kí ni ẹ̀bùn wa?"

"Ẹní. Ẹ lọ sùn."

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ahọ́n mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ bá wà níbẹ̀, kí n jí láàárọ̀ ọ̀la, kí n tọ́ iyọ̀ wò, kó dùn.