Olóhùn Kò Dá Jáde

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi bọ́ sínú ilẹ̀, sí ìdí gbòǹgbò níbi tí kòkòrò Olóhùn ti ń mu oje. Ọdún mẹ́tàlá ni ìran rẹ̀ ń lò níbẹ̀. Ẹni tó bá dá jáde, ẹyẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Lọ́dún kẹta, Ìrẹ̀ pè é: “Jáde, ayé ń lọ!”

Olóhùn kọrin:
Mi ò ní dá jáde,
*Ẹgbẹ́ ò tíì pé.*

Lọ́dún keje, orin kan náà ni.

Lọ́dún kejìlá, Ìrẹ̀ bínú. “Ọ̀lẹ! Ṣé ibẹ̀ ni wọn yóò sin ọ́ sí?”

“Wọ́n ti sin mí tẹ́lẹ̀,” Olóhùn fèsì.

Lọ́dún kẹtàlá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde. Àwọn ẹyẹ jẹ wọ́n yó títí tí ẹyẹ ò fi lè fò mọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣẹ́kù. Olóhùn kọrin lórí igi, ó yé ẹyin, ó kú. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákun, bí ẹ bá ń bọ̀ láti odò, ẹ dúró de ara yín.