Àfọ́kù Igbá Àparò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ kò dáhùn dáadáa. Ṣé oúnjẹ tí ẹ jẹ ló ti wọ̀ yín lójú ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi fò, ó bà lé Àparò. Ó tún fò, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi. Kò fara balẹ̀ títí tó fi dé ẹnu ihò Òkété.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ nílùú kan ṣoṣo, Àparò wà lórí ẹyin. Ẹyin mẹ́sàn-án ni. Ó ti yé irú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, iná ọdún sì jó wọn mọ́ inú koríko. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń já bí igi gbígbẹ bá ti ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó wá yé mẹ́sàn-án yìí sí ìdí ìrókò ńlá kan, ó búra pé òun kò ní kúrò lórí wọn ju ìwọ̀n ìgbà tí òun máa fi mu omi lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sàba lé ẹyin, kí ni yóò jẹ?

Òkété ló ń tajà nílùú náà. Ẹ sì mọ Òkété, kò fẹ́ràn ojú ọ̀sán rárá. Oòrùn ń ṣe é lójú. Inú ihò ló ti ń tajà rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ra nǹkan, ìwọ yóò na ọwọ́ sí ẹnu ihò, òun náà yóò na ọwọ́ jáde, ẹ kò ní rí ojú ara yín. Bí o kò bá sì ní ohun tí o máa fi sanwó, yóò tà á fún ọ láwìn. Báwo ló ṣe ń mọ ẹni tó tà fún? Yóò fọ́ igbá kan sí méjì. Yóò fi ìdajì pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, yóò fún ọ ní ìdajì kejì. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ ọjà, o máa mú àfọ́kù rẹ wá, yóò fi kan èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí etí àfọ́kù méjèèjì bá wọ ara wọn, ọjà ti jáde nìyẹn. Yóò fa ìlà èédú kan sára ògiri ihò, ìwọ yóò sì san án nígbà ìkórè.

Ọjọ́ tó fún Àparò ní tirẹ̀, ó kìlọ̀ fún un. Ó ní, "Má fi yá ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ ojú, èmi ò mọ ohùn. Ẹni tó bá mú àfọ́kù wá, òun ló ni àfọ́kù. Òun náà ni yóò san gbèsè orí rẹ̀."

Àparò ní òun ti gbọ́. Gbogbo wa la máa ń gbọ́.

Lójoojúmọ́ ni Àparò máa ń sáré lọ gba ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà kan, tí yóò sì sáré padà. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé orí ìrókò náà ń wò ó. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí kò dáko, kò sì ní àfọ́kù kankan, nítorí Òkété mọ ìwà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí Àparò tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ó ní kò yẹ kí ìyá ọlọ́mọ máa sá kiri nínú ọyẹ́, ẹyin á tutù. Ó ní kí ó fún òun ní àfọ́kù yẹn, òun á bá a gba ọkà wá.

Àparò wo ẹyin rẹ̀. Ó rántí ìkìlọ̀ Òkété. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fẹ́, aládùúgbò sì ni Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó fa àfọ́kù yọ lábẹ́ ìyẹ́, ó fún un.

Ìwọ Ṣẹ́gilọlá tó jókòó sẹ́yìn yẹn, má bú u. Ìwọ náà ì bá fún un.

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú ọkà dé lóòótọ́. Ó dá àfọ́kù padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti yà sẹ́yìn igi kan lójú ọ̀nà. Ó mú igbá mìíràn, ó gbé àfọ́kù Àparò lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gé e. Kírí, kírí, kírí. Ẹ mọ eyín ọ̀kẹ́rẹ́. Gbogbo kọ́lọ́fín etí àfọ́kù náà ló tọ̀, kò sí ibi tó yẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àfọ́kù ti di méjì láyé, Àparò kò sì mọ̀.

Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Àsálà lónìí, ẹ̀pà lọ́la, àsálà lọ́túnla. Etí ń wọ ara wọn, ìlà èédú ń pọ̀ lára ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀fàfà ológò dé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ kò mọ ohun tí ológò ń jẹ́. Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá pọ̀ lọ́rùn ẹnì kan, ẹni tó jẹ lówó á rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní lọ. Á máa pariwo, á máa bú u, á máa jẹ oúnjẹ rẹ̀. Bí ọjọ́ karùn-ún bá pé tí wọn kò san án, ohun tó bá rí nílé náà ni yóò kó lọ. Ọ̀fàfà ni Òkété máa ń rán, nítorí kò sí ẹranko inú igbó tó lè ké tó o.

Ó jókòó síwájú Àparò, ó wo ẹyin mẹ́sàn-án, ó lanu. Ẹ gbè é o, "Jókòó tì í" lẹ máa ń dáhùn:

Ẹni àfọ́kù wà lọ́wọ́ rẹ̀,
Jókòó tì í.
Ilẹ̀ mọ́, mo wà níbẹ̀,
Jókòó tì í.
Oòrùn wọ̀, mo wà níbẹ̀,
Jókòó tì í.
Bó sá wọlẹ̀, bó sá gòkè,
Jókòó tì í.

Àparò ní gbèsè wo? Ọkà bàbà ni òun rà, ìkórè kò sì tíì tó. Ọ̀fàfà ní ìlà rẹ̀ ti kún ògiri kan, ó ti ya sí èkejì. Ó ní lọ́jọ́ karùn-ún, ẹyin lòun ó kó.

Ara Àparò kò balẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó jókòó. Ó tún dìde. Ó fi koríko bo ẹyin, ó sáré lọ sí ẹnu ihò. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi rántí pé ọyẹ́ ń fẹ́, ó sáré padà. Ó fi àyà kan ẹyin, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tún sáré lọ. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ìtẹ́ rẹ̀ àti ihò Òkété, lílọ bíbọ̀ ọjọ́ yẹn ló là á.

Òkété ka ìlà fún un látinú òkùnkùn. Ọkà. Ọkà. Àsálà. Ẹ̀pà. Àsálà. Àsálà.

"Ìyá mi, ẹnu mi kò lè fọ́ àsálà," ni Àparò wí. "Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó."

Òkété ní bóyá àlejò ló rà á fún. Àparò ní òun kò lálejò, àti pé àfọ́kù òun nìyí, kò kúrò lábẹ́ ìyẹ́ òun. Òkété ní etí tó wọ tòun ni òun mọ̀. Bí òun bá kọ àfọ́kù kan lónìí, ta ni yóò tún gba àfọ́kù òun gbọ́ lọ́la? Ó wá béèrè bóyá Àparò ti fi yá ẹnì kan rí.

Ojú ti Àparò. Ó ní rárá.

Irọ́ yẹn dùn ún ju ariwo Ọ̀fàfà lọ. Ó gbé e padà sórí ẹyin, ó ń sàba lé òun náà.

Ọjọ́ kejì lọ, ọjọ́ kẹta lọ. Ọ̀fàfà ń kọrin, ó ń jẹ ọkà tó yẹ kí Àparò jẹ. Bí Àparò bá tòògbé, á ta jí. Bó bá lọ bẹ Òkété, ẹyin á máa tutù lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jókòó ti ẹyin, ọjọ́ á máa lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, níbi tó jókòó sí, nǹkan já bọ́ sí i lẹ́yìn. Kó! Èèpo àsálà ni. Òmíràn tún já bọ́. Ó gbé ojú sókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn lórí ẹ̀ka, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn.

"Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Ẹ̀pà èṣí ni, ìyá ọlọ́mọ. Ó tilẹ̀ ti gbẹ."

Àparò rántí ọjọ́ tó fi àfọ́kù yá a, ó wá mọ̀ pé ó ti gé irú rẹ̀. Inú bí i débi pé gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n kò pariwo. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Bó bá sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n, Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò kàn fò sórí igi mìíràn ni, yóò sì ju àfọ́kù rẹ̀ nù sínú igbó. Ọ̀fàfà tún gbé orin rẹ̀: Ẹni àfọ́kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àparò ti gbọ́ orin yìí láìmọye ìgbà, ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí.

Ó ní kí Ọ̀fàfà dìde, kí àwọn jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rán an.

Ní ẹnu ihò, ìjẹ́wọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ìyá mi, mo purọ́ fún yín. Mo fi yá Ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́." Àparò bi í pé, "Ta ló ni àfọ́kù?"

"Ẹni tó bá mú un wá. Mo ti sọ fún ọ."

"Gbèsè orí rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà ló ni ín."

Àparò yíjú sí Ọ̀fàfà, ó ní ṣé ó gbọ́. Ọ̀fàfà ní òun gbọ́.

Ni Àparò bá fa àfọ́kù tirẹ̀ yọ. Ó gbé e lé òkúta, ó fi ẹnu gún un, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rún. Ó kó ìrúnrún rẹ̀ sí Òkété lọ́wọ́. Ó ní ọkà tí òun jẹ, òun yóò san án nígbà ìkórè, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, òun kò ní àfọ́kù mọ́. Bí irú rẹ̀ bá tún dé ẹnu ihò yìí, kí Òkété fi gbogbo ìlà yòókù lé ẹni tó mú un wá lọ́rùn.

Òkété ra ìrúnrún náà lọ́wọ́. Ó ní òun kò ní yẹ ọ̀rọ̀ òun. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá mú àfọ́kù wá kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, ọjọ́ karùn-ún pé nìyẹn, Ọ̀fàfà yóò sì kó ẹyin.

Àparò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Ọ̀fàfà lọ gun igi kan tó ṣíji bo ihò Òkété. Àparò gbé ojú sókè sí ìrókò. Ó ní, "Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ bá mi yọ̀. Èmi àti Ìyá Òkété ti sọ ọ́. Bí oòrùn òní bá ti wọ̀, àfọ́kù mi kò lè gba ohunkóhun mọ́ láéláé."

Kò purọ́ o. Irọ́ ti jó o lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kí i kú oríire, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ, ojú rẹ̀ ń bọ̀. Àsálà rẹ̀ ti kún ihò igi mẹ́ta. Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹyin ti lọ nìyẹn, àlọ́ mi ì bá sì parí síbí. Oòrùn dé àtàrí. Oòrùn yẹ̀. Àparò ń yí ẹyin padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo òjìji ìrókò bó ṣe ń gùn. Kò rí kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sọ lọ́kàn pé òun ti fi ọwọ́ ara òun ta ọmọ òun.

Ìgbà tí òjìji kan etí koríko ni Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjì. Ojúkòkòrò kò jẹ́ kó lè fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ihò, Ọ̀fàfà ló padà ròyìn rẹ̀. Ó ní Ọ̀kẹ́rẹ́ ti àfọ́kù bọ inú ihò, ó sọ ohùn rẹ̀ di ti Àparò, ó ní gbogbo àsálà tó kù ni òun fẹ́. Òkété fi etí kan etí. Ó wọ ara.

"Ṣé tìrẹ ni?"

"Tèmi ni, ìyá mi. Ta ni ì bá tún ni ín?"

"Gbogbo ìlà orí rẹ̀ ńkọ́?"

"Tèmi náà ni wọ́n. Ẹ ṣáà bá mi dì í."

Òkété di ọwọ́ tó nà wọ ihò náà mú. Ọwọ́ onírun ni, Àparò kò sì ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Òkété ké pe Ọ̀fàfà, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Àparò gbọ́ igbe náà láti orí ìtẹ́. Kò pẹ́ tó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń sá bọ̀, ìrù rẹ̀ dúró gbọin, kò sí apẹ̀rẹ̀, kò sí àfọ́kù. Ó fo Àparò kọjá, ó gun ìrókò dé ṣóńṣó, ó wá bojú wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé wọn kò mọ̀ pé bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá?

Ọ̀fàfà kò tilẹ̀ yára. Ó fọwọ́ gbá ìdí igi náà mú. "Ojú ọdẹ ló ń dá," ó wí. "Èmi, orí igi ni wọ́n bí mi sí."

Ó gùn ún. Ó jókòó sẹ́nu ihò Ọ̀kẹ́rẹ́, ó kó àsálà síwájú, ó lanu. Ẹ gbè é:

Ẹni àfọ́kù wà lọ́wọ́ rẹ̀,
Jókòó tì í.
Bó sá wọlẹ̀, bó sá gòkè,
Jókòó tì í.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sórí igi kejì, Ọ̀fàfà tẹ̀ lé e. Ó fò sórí ẹ̀kẹta. Títí di òní, ẹ wo ọ̀kẹ́rẹ́ bó bá ń jẹun. Á gé e lẹ́ẹ̀kan, á wo ẹ̀yìn. Á tún gé e, á fò. Kò jókòó jẹ àjẹyó rí.

Ìdí ìrókò wá dákẹ́. Àparò jókòó, ó sùn. Lọ́jọ́ kẹta, èèpo ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Ọmọ kan yọ, òmíràn yọ, títí wọ́n fi pé mẹ́jọ. Ẹyin kẹsàn-án kò ṣẹ́. Ó tutù. Àparò sàba lé òun nìkan títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sunkún, àwọn mẹ́jọ yòókù ń ké yí i ká. Ó mọ ọjọ́ tó tutù.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e sùn. Ohun tó dúró fún orúkọ rẹ, má fi yá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Ẹni tó bá sì fi orúkọ ẹlòmíràn jẹun, gbèsè náà yóò mọ igi tó ń gbé. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ṣe àṣìṣe, tètè sọ ọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe eyín Ọ̀kẹ́rẹ́ ló pa ẹyin kẹsàn-án. Ìtìjú ọjọ́ mẹ́ta ni.

Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí ọ̀fàfà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi lálẹ́ yìí. Ẹ tẹ́tí. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?

Ó yá, ẹ lọ sùn.